Ẹni Tó Jẹ àti Ilẹ̀ Tó Rù Ú: Ìtàn Ìlò àti Àyíká ní Ìkẹjà àti Àgége

Bí ọ̀rọ̀ ìbàjẹ́ ilẹ̀ àti omi ní agbègbè Ìkẹjà àti Àgége bá délẹ̀, ohùn méjì ni a sábà máa ń gbọ́. Àwọn kan ní àwọn baba ńlá wa kò ba ilẹ̀ jẹ́ rí, pé àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tí ó dé ní nǹkan bí ọdún 1960 ni ó kó ẹ̀gbin wọ ìlú. Àwọn ẹlòmíràn ní àìmọ́tótó ará ìlú ni gbogbo rẹ̀, pé bí olúkúlùkù bá gbá iwájú ilé rẹ̀, tí kò sì da pàǹtí sí ojú àgbàrá, ọ̀ràn ti parí. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n ìtàn agbègbè náà kò gbè sí èyíkéyìí nínú wọn tán. Láti nǹkan bí ọdún 1880 ni ilẹ̀ Ìkẹjà àti Àgége ti ń ru ẹrù ohun tí àwọn ará ibòmíràn ń jẹ, tí wọ́n ń mu, tí wọ́n sì ń lò. Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni ẹni tí ń jẹ ń jìnnà sí ilẹ̀ tí ń rù ú. Bí ó sì ti ń jìnnà ni ojú rẹ̀ kò tó ohun tí jíjẹ rẹ̀ ń ṣe mọ́. Ipasẹ̀ ìjìnnà yìí ni ó yẹ kí a tọ̀, kí a tó lè dá ẹjọ́ náà bí ó ti tọ́.

Oko, ilé àti ààtàn

Àwọn Àwórì ni ó kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ náà dó. Ilẹ̀ igbó ni, àwọn odò kéékèèké sì ń gba inú rẹ̀ ṣàn lọ sí ọ̀sà. Wọ́n ń gbin ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti iṣu. Wọ́n ń kọ ẹyìn. Wọ́n ń ṣọdẹ. Àwọn obìnrin a sì ru èrè oko lọ sí ọjà. Bí àgbẹ̀ bá ti ro ilẹ̀ kan fún ọdún mélòó kan, tí ó sì rí i pé ilẹ̀ náà ti ṣá, a fi í sílẹ̀ kí ó padà di igbó, a sì lọ ṣán ibòmíràn.

Ní ilé, ààtàn kò jìnnà sí ẹ̀yìnkùlé. Èèpo iṣu, ewé eéran tí a fi pọ́n ẹ̀kọ, eérú ààrò àti àfọ́kù ìkòkò ni a ń dà sí i. Bí a bá yọ àfọ́kù kúrò, gbogbo wọn ni í jẹrà. Tẹ̀tẹ̀ a hù níbẹ̀, ìbẹ́pẹ a hù níbẹ̀, ìyàwó ilé a sì já ẹ̀fọ́ orí ààtàn padà wọ inú ìṣaasùn ọbẹ̀. Yorùbá ní ààtàn kì í kọ ilẹ̀. Lóòótọ́ kì í kọ̀ ọ́, nítorí pé ohun tí a ń gbé fún un jẹ́ ohun tí ó lè jẹ. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹni tí ó jẹun ni ó da èèpo nù, òun náà ni ó sì ń rí ààtàn náà ní òròòwúrọ̀.

Kò yẹ kí a tìtorí èyí sọ àwọn ará ìgbà nnì di ẹni tí kò ṣe ilẹ̀ ní ibi rí. Wọ́n a máa dáná sun igbó kí wọ́n tó dáko. Wọ́n a máa pa ẹran dé ibi tí agbára ìbọn àti tàkúté wọn mọ. Ohun tí ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn ni pé wọn kò pọ̀, àti pé ohun tí wọ́n ń fẹ́ kò ju èyí tí orí lè rù dé ọjà. Ọjọ́ tí ohun mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í bá orí ru ẹrù ni ọ̀rọ̀ yí padà.

Kòkó, obì àti ọ̀nà irin

Ìyípadà ńlá àkọ́kọ́ kò ti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ kankan wá. Àwọn oníṣòwò Èkó tí wọ́n jẹ́ ọmọ Yorùbá ni ó ṣe é. Ní nǹkan bí ọdún 1880, James Pinson Labulo Davies, ọmọ Sàró tí ó ti jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ òkun àti oníṣòwò ńlá kí òwò rẹ̀ tó forí ṣánpọ́n, gbin kòkó sí oko rẹ̀ ní Ìjàn nítòsí Àgége. Oko náà wà lára àwọn oko kòkó àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Jacob Kehinde Coker, ọmọ Ẹ̀gbá àti ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ìjọ African Church tí ó yapa ní ọdún 1901, dá oko ńlá sí Ìfàkọ̀. Ní ọdún 1907, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn olóko Àgége sílẹ̀. Àwọn alágbàṣe ń ti oríṣiríṣi ìlú Yorùbá wá sí oko wọn. Nígbà tí wọ́n bá ń padà lọ sí ilé, wọ́n a gbé ìmọ̀ kòkó àti irúgbìn rẹ̀ lọ. Báyìí ni Àgége ṣe dà bí ilé-ẹ̀kọ́ kòkó fún apá púpọ̀ nínú ilẹ̀ Yorùbá.

Ó yẹ kí a béèrè pé ta ni a ń gbin kòkó náà fún. Àwọn ará Àgége kì í mu ún, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í jẹ ṣokoléètì. Ní ọdún 1874, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú owó ibodè kúrò lórí ṣúgà. Ṣúgà di ohun tí mẹ̀kúnnù lè rà, ife kòkó gbígbóná àti ṣokoléètì sì di ohun tí òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ń rí jẹ. Àdídùn ẹnu àwọn ènìyàn wọ̀nyí, tí wọn kò gbọ́ orúkọ Àgége rí, ni ó ṣubú lu ìrókò àti àwọn igi ńlá mìíràn ní ilẹ̀ Àwórì. Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ pé láti ara “a-gé-igi” ni orúkọ Àgége ti jáde. Ìbáà ṣe bẹ́ẹ̀, ìbáà má ṣe bẹ́ẹ̀, igi gígé ni ìlú náà fi gbòòrò.

Ọ̀nà irin ni ó sọ ọ̀rọ̀ náà di ńlá. Ó gba Àgége kọjá lọ sí Ìbàdàn, a sì ṣí i ní ọdún 1901. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1912, ọkọ̀ ojú irin ti ń dé Kánò. Oúnjẹ tí Kánò ń fẹ́ jù láti gúúsù ni obì gbànja. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ sọ ibi tí obì yìí ti ń wá tẹ́lẹ̀, nítorí pé láti ara Gonja, ní apá àríwá ilẹ̀ Gánà òde òní, ni a ti yọ ọ́. Ilẹ̀ Àṣáǹtí ni ó ń hù jù, orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni ó sì fi ń gba ọ̀nà jíjìn dé ilẹ̀ Haúsá. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé, àwọn olóko Àgége rí i pé àwọn lè gbin gbànja sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà irin, kí ó sì dé Òkè Ọya ní ọjọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, obì ń gba ipò kòkó ní Àgége díẹ̀díẹ̀. Àwọn oníṣòwò Haúsá tẹ̀dó sí ìlú náà. A ń fi ewé gbòdògì tẹ́ inú agbọ̀n kí obì má bàa gbẹ, a ń rán agbọ̀n náà pọ̀, a sì ń gbé e sínú ọkọ̀.

Ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú obì méjèèjì tí Yorùbá mọ̀. Obì àbàtà ni a fi ń bọ òrìṣà, òun ni a fi ń sọmọ lórúkọ, tí a fi ń fẹ́ ìyàwó. Igi mélòó kan nínú agboolé tàbí lẹ́bàá oko tó fún gbogbo àdúgbò, nítorí pé ìṣẹ̀lẹ̀ ni í pè é jáde: bí a kò bímọ, tí a kò sì gbéyàwó, obì wà lórí igi. Gbànja tí a ń gbìn fún Òkè Ọya kò ní irú òpin bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ gbogbo ni a ń jẹ ẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó sì ń jẹ ẹ́ ní ibi tí igi rẹ̀ kì í hù. Irúgbìn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra, ṣùgbọ́n ọ̀kan fi igbó sílẹ̀, èkejì gba igbó. Ọ̀nà tí a ń gbà lò ó ni ó fa ìyàtọ̀ náà.

Omi Ìjù

Bí obì ti ń lọ sí àríwá ni omi ń lọ sí gúúsù. Erékùṣù Èkó ń kún, kàǹga rẹ̀ kò jìn, omi rẹ̀ kò sì mọ́. Ìjọba amúnisìn pinnu láti fa omi láti Ìjù, tí kò jìnnà sí Àgége, kí a sẹ́ ẹ níbẹ̀, kí a sì fi páìpù gbé e dé Èkó. Owó orí omi tí ìjọba fẹ́ kó lé ará ìlú lórí di ìjà. Ní ọdún 1908, Dókítà John Randle àti Dókítà Orísàdípẹ̀ Ọbásá dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ láti kọ̀ ọ́, ní ọdún 1916 sì ni ìfẹ̀hónúhàn ńlá tún ṣẹlẹ̀. Àwọn ará Èkó ní àwọn kò bẹ ẹnikẹ́ni fún omi páìpù, pé àwọn òyìnbó ni yóò jẹ ànfààní rẹ̀ jù, kí ni ìdí tí ará ìlú yóò fi san owó rẹ̀?

Ìbéèrè tí wọ́n béèrè tọ́. Bí ẹnì kan bá lo nǹkan, ta ni ó yẹ kí ó san án? Ṣùgbọ́n lórí owó nìkan ni wọ́n ti béèrè rẹ̀. Wọn kò fi bẹ́ẹ̀ béèrè rẹ̀ lórí odò àti ilẹ̀ tí omi náà ti ń jáde. Láti ìgbà náà ni Èkó ti ń na ọwọ́ síwájú sí i láti wá omi. Ní ọdún 1983 a ṣí ìsédò Ọ̀yán ní òkè Abẹ́òkúta, kí omi Odò Ògùn lè tó fún Èkó. Ní ọdún 1991 a ṣí ilé-iṣẹ́ omi Adíyàn, tí a ṣe láti máa pèsè mílíọ̀nù 70 gálọ́ọ̀nù lóòjọ́. Síbẹ̀síbẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ àdúgbò Àgége tí páìpù ńlá gba ẹ̀bá wọn kọjá, kàǹga àti omi tí a ń rà ni àwọn ènìyàn gbára lé. Omi ń kọjá lọ́dọ̀ wọn bí obì ti ń kọjá lọ́dọ̀ wọn.

Ilé-iṣẹ́ dé Ìkẹjà

Ní ọdún 1954, Èkó di ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀, a sì yọ ọ́ kúrò lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ìkẹjà kù sí ọwọ́ Ìwọ̀-Oòrùn. Èyí ni ó sọ Ìkẹjà di ààyò. Ó wà nítòsí èbúté Àpápá, ọ̀nà irin àti ọ̀nà ọkọ̀ Abẹ́òkúta gba ibẹ̀, pápá ọkọ̀ òfuurufú tí a ṣe nígbà Ogun Àgbáyé Kejì wà níbẹ̀, owó orí ilé-iṣẹ́ tí ó bá sì wà níbẹ̀ kò ní í bọ́ sí ọwọ́ ìjọba mìíràn. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá àjọ ìkọ́lé tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1958, a sì pín ilẹ̀ Ìkẹjà fún ilé-iṣẹ́, pẹ̀lú ọ̀nà, omi àti iná. Lára owó tí ìjọba náà fi ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni èrè tí ìgbìmọ̀ tí ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀, tí ó sì ń tà á sí òkè òkun, yọ sọ́tọ̀. Kòkó tí Àgége kọ́ ilẹ̀ Yorùbá ni ó padà wá kọ́ ilé-iṣẹ́ sí ẹ̀bá Àgége.

Ọ̀nà Ọba Àkran, tí a fi orúkọ C. D. Akran, Ọba Àgbádárìgì àti mínísítà ní ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, pè, di ojú ọ̀nà ilé-iṣẹ́. Àwọn tí ń ṣe ọ̀dà, tí ń hun aṣọ, tí ń ṣe táyà, tí ń ṣe bẹ́ẹ̀dì fóòmù, tí ń pọn ọtí, gbogbo wọn dé láàárín ọdún díẹ̀. Guinness dé ní ọdún 1962.  Ní ọdún 1965 Cadbury bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Bournvita ní Ìkẹjà. Ní ọdún 1967 a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, Ìkẹjà bọ́ sínú rẹ̀, ó sì di olú-ìlú rẹ̀ ní ọdún 1976.

Kò sí ẹni tí ó lè fi ọwọ́ rọ́ ire tí ó tẹ̀lé e sẹ́yìn. Ọmọ àgbẹ̀ láti Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú, Ìbàdàn, àti láti ilẹ̀ Ìgbò pẹ̀lú, rí iṣẹ́ tí ń mú owó wá ní ìparí oṣù. Ó gba yàrá kan ní Àgége tàbí Múṣin, ó sì rán ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé-ìwé. Òṣìṣẹ́ kan náà ni ó sì di ẹni tí ń ra ohun tí ilé-iṣẹ́ ń ṣe. Ibi tí a gbọ́dọ̀ tẹjú mọ́ nìyí. Tẹ́lẹ̀ rí, ẹní ni a fi ń sùn. Bí ẹní bá gbó, ó di ìdọ̀tí tí ilẹ̀ ń jẹ. Fóòmù gba ipò ẹní, ilẹ̀ kì í sì í jẹ fóòmù. Igbá a máa fọ́, a máa jẹrà. Ike kì í jẹrà. Ẹ̀kọ inú ewé fi ipò sílẹ̀ fún búrẹ́dì inú ọ̀rá. A kò lè bá ẹnikẹ́ni wí fún fífẹ́ ìtura. Ṣùgbọ́n ìtura kọ̀ọ̀kan gbé nǹkan wá tí ààtàn ẹ̀yìnkùlé kò mọ ohun tí yóò fi ṣe.

Búrẹ́dì Àgége fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí tí ó tó gbé yẹ̀wò. Orúkọ ìlú náà ni ó ń jẹ́, òṣìṣẹ́ ni ó sì ń jẹ ẹ́ jù, pẹ̀lú ẹ̀wà, ní òwúrọ̀. Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà tí ó wá ṣiṣẹ́ ọ̀nà irin ní ọdún 1913, ni ó sọ búrẹ́dì di òwò ńlá ní Èkó láti ọdún 1921. Ṣùgbọ́n àlìkámà kì í hù ní Àgége. Láti òkè òkun ni a ti ń kó o wá sí Àpápá, níbi tí a ti ṣí ẹ̀rọ ìlọ̀yẹ̀fun ńlá ní ọdún 1962. Ará Àgége tí ilẹ̀ rẹ̀ ti ń bọ́ ará Kánò àti ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti wá di ẹni tí ilẹ̀ àwọn ẹlòmíràn ń bọ́. Òun náà kò rí oko tí oúnjẹ rẹ̀ ti wá. Nítorí náà, ìtàn yìí kò pín ènìyàn sí ẹni tí a rẹ́ jẹ àti ẹni tí ó rẹ́ ni jẹ. Ẹnì kan náà lè wà ní ìhà méjèèjì.

Odò Ìyá Aláró

Odò kan wà tí ó gba agbègbè Ìkẹjà àti Orẹ́gùn wá sí Ògùdù, tí ó sì ń wọ inú ọ̀sà Èkó. Odò Ìyá Aláró ni orúkọ rẹ̀. Aláró ìgbà àtijọ́ a máa gún ewé èlú, a máa fi omi eérú rẹ aró, a sì máa da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ sí ilẹ̀. Aró rẹ̀ a máa kun ilẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ìkòkò rẹ̀ ni ìwọ̀n ẹ̀gbin rẹ̀. Láti ọdún 1960 síwájú, odò tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba omi ìdọ̀tí láti ọ̀dọ̀ oríṣiríṣi ilé-iṣẹ́ lọ́sàn-án àti lóru. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ti yẹ omi náà wò bá epo, kẹ́míkà àti irin olóró nínú rẹ̀ àti nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ibi tí ó ń ṣàn lọ, àwọn apẹja wà níbẹ̀.

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn fi ọjọ́ ilé-iṣẹ́ wé ọjọ́ òfin. Ilé-iṣẹ́ dé ní nǹkan bí ọdún 1960. Ọdún 1991 ni òfin àpapọ̀ tí ó sọ ìwọ̀n ẹ̀gbin tí ilé-iṣẹ́ lè tú sínú omi tó jáde. Ọgbọ̀n ọdún wà láàárín wọn. Ohun tí ó sì jí ìjọba lójú oorun kò ti Ìkẹjà wá rárá. Ní oṣù kẹfà ọdún 1988 ni ó hàn síta pé a ti kó ìdọ̀tí olóró láti ilẹ̀ Ítálì wá sí Kókó, ìlú èbúté kékeré kan tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Delta òde òní. Gbogbo orílẹ̀-èdè bínú. Ìjọba ológun ṣe òfin tí ó lòdì sí ìdọ̀tí olóró, kí ọdún náà sì tó parí, ó ti fi Òfin Kejìdínlọ́gọ́ta dá àjọ àpapọ̀ fún ààbò àyíká sílẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó dá tirẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn náà, ní ọdún 2007 sì ni àjọ àpapọ̀ tuntun, NESREA, gba ipò ti àkọ́kọ́. Ẹ̀gbin àlejò ni ó mú kí a ṣe òfin fún ẹ̀gbin ilé. Kì í ṣe pé a kò rí Odò Ìyá Aláró láti ọgbọ̀n ọdún. Ẹ̀gbin Kókó ní olúwa tí a lè nàka sí ní òkè òkun. Ti Ìyá Aláró, aṣọ tí a wọ̀, ọ̀dà tí a fi kun ilé àti ọṣẹ tí a fi fọṣọ ni ó bí i, a kò sì fẹ́ nàka sí ara wa.

Ààtàn gbogbo Èkó

Láàárín ọdún 1974 sí 1975, ìjọba ológun fi àbá ìgbìmọ̀ Údójì kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́. Owó epo rọ̀bì ti wọlé, ọjà kún, gbogbo ènìyàn ń rà. Láàárín ọdún díẹ̀, òkìtì pàǹtí ti dí ọ̀nà ní Èkó débi tí ìjọba ìpínlẹ̀ fi dá ìgbìmọ̀ kólẹ̀kólẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1977. Láti inú ìgbìmọ̀ yìí ni àjọ tí a mọ̀ sí LAWMA ti jáde. Ní ọdún 1992 a ṣí ààtàn ńlá kan sí Olúṣọ́sùn, láàárín Orẹ́gùn àti Ọjọ́ta, lórí ilẹ̀ tí ó tó nǹkan bí hẹ́kítà 42. Láti Erékùṣù Èkó, láti Ìkòyí, láti Ṣúrùlérè, ọkọ̀ ńlá ń kó pàǹtí wá síbẹ̀. Ìlú gbilẹ̀ yí i ká. Ní oṣù kẹta ọdún 2018 iná ńlá sọ níbẹ̀, èéfín rẹ̀ sì bo àwọn àdúgbò tí ó wà nítòsí.

Ní ìgbà kan náà, omi páìpù tí kò tó mú kí òwò tuntun dìde. Ní àwọn ọdún 1990, omi inú ọ̀rá, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní “piọ́ wọ́tà”, gba ìgboro. Ọ̀rá tí a fi ẹyín já, tí a sì mu omi inú rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, a máa pẹ́ nínú gọ́tà ju ọjọ́ ayé ẹni tí ó mu ún lọ. Ìjà omi ọdún 1908 kò tíì parí. Ọ̀nà tí a ń gbà san owó rẹ̀ ni ó yí padà, ojú àgbàrá sì ni ó ń san apá kan.

Ilẹ̀ Ìkẹjà tún rí àlejò mìíràn. Láti ìparí àwọn ọdún 1990, òpópónà Òtìgbà àti àyíká rẹ̀ di ọjà kọ̀ǹpútà àti fóònù tí ó gbajúmọ̀ jákèjádò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní ọdún 2005, ẹgbẹ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Basel Action Network ṣe ìwádìí lórí òwò yìí. Wọ́n ní àpótí ńlá tí ó tó 500 ni ó ń gba èbúté Èkó wọlé lóṣooṣù pẹ̀lú ẹ̀rọ àlòkù, àti pé púpọ̀ nínú wọn kò ṣeé tún ṣe mọ́. Ohun tí ará Yúróòpù àti ará Amẹ́ríkà ti lò tán ni ó ń wá kú sí ọwọ́ ará Èkó. Láti ọdún 1880 ni ilẹ̀ yìí ti ń rán èso rẹ̀ lọ sí ẹnu àwọn ará òkè òkun. Nísinsìnyí, èèpo ohun tí wọ́n jẹ ń padà wá.

Nígbà tí ẹ̀rọ dákẹ́

Bí ó bá ṣe pé ilé-iṣẹ́ nìkan ni ó ba ilẹ̀ jẹ́, ó yẹ kí ilẹ̀ sàn nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá tì. Ìkẹjà ti fi èyí dán wa wò. Iná mànàmáná tí kò dúró, owó epo jẹnẹrétọ̀ àti ọjà òkèèrè tí ó rọ̀ jù ti ilé lọ pa ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́. Àwọn ilé ìhunṣọ tì níkọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 2008 Dunlop dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà. Ilé tí ẹ̀rọ ti ń kùn tẹ́lẹ̀ di ilé ìjọsìn tàbí ilé ìkẹ́rùsí fún ọjà tí a kó wá láti òkè òkun.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò sàn. Táyà tí a kò ṣe ní Ìkẹjà mọ́, a ń rà á wá láti ibòmíràn. Bí ó bá sì fàya, Èkó ni a ń jù ú sí. Ẹ̀gbin ṣíṣe rẹ̀ ti kó lọ sí odò ẹlòmíràn, ẹ̀gbin lílò rẹ̀ ṣẹ́kù síbí. Ohun tí ó bá ilé-iṣẹ́ lọ ni iṣẹ́ àti owó oṣù. Ìlò kò bá wọn lọ. Ẹ̀rí yìí ni ó tó láti dá àwọn tí ń di gbogbo ẹ̀bi ru ilé-iṣẹ́ lóhùn.

Ó sì dá àwọn tí ń sọ̀rọ̀ ìgbálẹ̀ nìkan lóhùn bákan náà. Ẹni tí ó bá gbá iwájú ilé rẹ̀ mọ́ tónítóní ní Ìkòyí, Olúṣọ́sùn ni ó gbá a sí. Ìmọ́tótó rẹ̀ jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n ó gbé ẹrù rẹ̀ lé ẹlòmíràn lórí ni. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé òun ti fi òfin de abọ́ funfun tí a fi ń bu oúnjẹ tà, àti àwọn ike tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo; láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2025 ni a sì ní kí òfin lórí àwọn ike náà múlẹ̀. A kò tíì lè fi ojú ìtàn wo àbájáde rẹ̀. Ohun tí a lè sọ ni pé ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìgbà díẹ̀ tí òfin fi ọwọ́ kan ìlò fúnra rẹ̀, tí kò dúró de ìgbà tí nǹkan bá di pàǹtí.

Kò sí ẹni tí yóò dá Àgége padà sí igbó tí àwọn Àwórì bá níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò bẹ òṣìṣẹ́ pé kí ó fi fóòmù sílẹ̀ kí ó padà sórí ẹní. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó wà ní kíláàsì ní Ìkẹjà tàbí Àgége lè mú ohun kan ṣoṣo, ìbáà ṣe ọ̀rá omi, ìbáà ṣe búrẹ́dì, ìbáà ṣe obì, kí ó sì ní kí àwọn ọmọ tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láti ilẹ̀ tí ó ti wá títí dé ilẹ̀ tí yóò gbà á. Wọn yóò rí i pé ọ̀nà náà gùn ju bí wọ́n ti rò lọ, àti pé ènìyàn wà ní ìdí rẹ̀ ní ìhà méjèèjì. Àwọn tí ó jà nítorí omi ní ọdún 1908 béèrè ẹni tí yóò san owó. Ìbéèrè tí ó kù fún ìran yìí ni pé, nígbà tí owó bá ti di sísan, ilẹ̀ ta ni ó ṣì ń jẹ gbèsè náà?